Ṣé Jẹjẹrẹ Yìí Yóò Tún Padà?

Àwa nọ́ọ̀sì méjì tí a máa ń wá bá yín sọ̀rọ̀ ìlera náà ni a tún dé. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ omi mímu ni a sọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú ni. Kì í ṣe bí a ṣe ń fọwọ́ wá kókó nínú ọmú ni a fẹ́ sọ o. A ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè kan tí obìnrin kan bi wá ni a gbé wá síwájú yín.

Obìnrin náà ń ta aṣọ, kíláàsì ìlú kejì ló sì ti ń kọ́ ìwé. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní Ìyá Aláṣọ, nítorí kò fẹ́ kí a dárúkọ òun. Ẹni ọdún 48 ni. Ó rí kókó lọ́mú, ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ kókó náà. Lẹ́yìn náà ni dókítà ní kí ó wá gba oògùn tí wọ́n ń pè ní kìmó, ìgbà 6. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí tó ti gbà á mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n ń fà á sínú iṣan bí omi dírípù. Èébì a máa gbé ènìyàn, irun orí a máa re, ẹnu a máa dá egbò, ara kì í sì lágbára láti bá àìsàn mìíràn jà. Owó rẹ̀ ńkọ́? Ìyá Aláṣọ ta ọjà ní ẹ̀dínwó kí ó tó rí owó ìgbà méjì àkọ́kọ́ san.

Nígbà tí ìgbà kẹta kù díẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pè é lórí fóònù. Ó ní, "Màámi, àyẹ̀wò kan wà níbí tó ń sọ bóyá jẹjẹrẹ máa padà tàbí kò ní padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe é, wọ́n ní kò nílò kìmó rárá. Mo ti ń kó owó jọ kí ẹ̀yin náà lè ṣe é." Inú Ìyá Aláṣọ dùn. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un pé, kò lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀dọ̀ wa ló wá. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi wádìí àyẹ̀wò yìí. Bí kò bá ní padà, kí ni mo tún ń jìyà sí?"

A ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. A lọ kàwé, a sì bi àwọn tó mọ̀ jù wá lọ. Ọmọ náà kò purọ́ o. Àyẹ̀wò náà wà lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí jẹjẹrẹ fi ń padà nígbà tí dókítà ti gé e kúrò. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ èkan. Ẹ fi ọkọ́ ro ó, oko mọ́ tónítóní. Òjò kan péré, ó ti tún yọ, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbi tí ọkọ́ kò dé. Koríko mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí a bá ti fà á tu, ó tán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹjẹrẹ ọmú. Òmíràn wà tó ti rán àwọn ọmọ rẹ̀ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí egungun, sí ẹ̀dọ̀fóró, sí ẹ̀dọ̀, kí wọ́n tó gé ìyá wọn kúrò lọ́mú. Wọ́n á sápamọ́ síbẹ̀. Ó lè gba ọdún 2, ó lè gba ọdún 10 kí wọ́n tó yọjú. Ní báyìí, wọ́n kéré débi pé kò sí ẹ̀rọ fọ́tò tó lè rí wọn. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fún ọ̀pọ̀ obìnrin ní kìmó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó dà bí ẹni tó ń fín oògùn sí gbogbo oko nítorí kò mọ ibi tí gbòǹgbò wà.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn obìnrin tó ń gba oògùn líle yìí, ọ̀pọ̀ ló wà tí àrùn náà kì bá tí padà sí lára bí wọn kò tilẹ̀ gbà á. Àwọn wo ni wọ́n? Ìyẹn ni dókítà kò mọ̀. Ó ń wo bí kókó ṣe tóbi tó, ó ń wo bóyá ó ti dé abíyá, ó ń wo ọjọ́ orí. Àwọn nǹkan wọ̀nyí wúlò gan-an ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni ń wo ewé ni, ewé a sì máa jọra.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ le díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá wa lọ.

Ara wa kún fún ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Nínú sẹ́ẹ̀lì ni ohun kan wà tí a lè fi wé ìwé ńlá, tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wa. DNA ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo bí ara yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Orí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà ni wọ́n ń pè ní jíìnì, wọ́n sì tó nǹkan bí 20,000. Ìwé ńlá yìí kì í kúrò ní yàrá rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan, a ó da ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kọ sórí ìwé pélébé, a ó sì fi í ránṣẹ́ síta sí àwọn òṣìṣẹ́. Ìwé pélébé yìí ni RNA.

Ẹ wò ó bí agbo ilé baálé kan. Ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wà nínú àpótí, kì í jáde. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀, baálé a máa kọ ìwé kékeré: "Ẹ lọ ra iṣu." "Ẹ tún ilẹ̀kùn ṣe." Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn lónìí, ìwé inú àpótí kò lè sọ fún yín. Àwọn ìwé kékeré ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá rí 50 lọ́jọ́ kan, tí gbogbo wọn ń wí pé, "Ẹ po sìmẹ́ńtì, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù wá," ẹ ó mọ̀ pé ilé ni baálé ń kọ́, kò sì ní in lọ́kàn láti sinmi.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe sí jẹjẹrẹ nìyẹn. Wọ́n ń mú nínú ẹran kókó tí dókítà gé, wọ́n ń ka àwọn ìwé ìránṣẹ́ inú rẹ̀. Bí èyí tó ń wí pé "Ẹ pín, ẹ máa pọ̀ sí i" bá pọ̀ jù, jẹjẹrẹ tó ń yára ni. Bí èyí tó ń wí pé "Ẹ já ògiri, ẹ kọjá" bá pọ̀, ó ń wá ọ̀nà àtijáde.

Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní ìlú Amsterdam, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tẹ ìwádìí jáde pé àwọn ti rí jíìnì 70 tí ìwé ìránṣẹ́ wọn lè fi jẹjẹrẹ ọmú tó ń padà hàn yàtọ̀ sí èyí tí kì í padà. Ní 2004, Soonmyung Paik àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú tiwọn jáde, 21 péré ni wọ́n sì yàn. Oncotype DX ni orúkọ àyẹ̀wò yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fọwọ́ sí i láti 2013 pé kí ilé ìwòsàn ìjọba máa lò ó fún àwọn obìnrin kan. Ó jọ pé òun ni ọmọ Ìyá Aláṣọ ń sọ.

Nínú 21 yìí, 16 ni ti jẹjẹrẹ. 5 tó kù ńkọ́? Òṣùwọ̀n ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí, bí ẹnì kan bá ní òun ní gàrí púpọ̀ nílé, ṣebí ẹ ó bi í pé, "Kóńgò mélòó?" Bí kò bá sí kóńgò, a ò lè gbọ́ ara wa yé. Ẹran tí wọ́n gé lára obìnrin kan lè tóbi, ti ẹlòmíràn lè kéré. Ìwé inú èyí tó tóbi á kàn pọ̀ ṣáá ni. Nítorí náà ni wọ́n fi yan ìwé 5 tí iye wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, wọ́n fi wọ́n ṣe kóńgò, wọ́n sì fi wọn ìyókù. Nígbà tí wọ́n bá ṣírò gbogbo rẹ̀ tán, nọ́ńbà kan á jáde, láti 0 dé 100.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé nọ́ńbà yìí kì í ṣe irọ́? Èyí ló dùn mọ́ wa jù nínú gbogbo ohun tí a kà. Bí wọ́n bá gé ẹran kókó, wọn a máa rì í sínú oògùn tí kì í jẹ́ kó rà, wọn a sì rọ ìda yí i ká bí ìda àbẹ́là. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Paik àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kó búlọ́ọ̀kù àwọn obìnrin 668 tí wọ́n ti tọ́jú ní àwọn ọdún 1980 sókè jáde. Gbogbo wọn ló lo hóró oògùn tó ń jẹ́ tamoxifen lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ti mọ ẹni tí àrùn padà sí lára, wọ́n ti mọ ẹni tí kò padà sí. Wọ́n wá ka ìwé ìránṣẹ́ inú ìda àtijọ́ yẹn, bóyá yóò bá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ mu.

Ó bá a mu. Nínú 100 obìnrin tí nọ́ńbà wọn kéré, nǹkan bí 7 ni àrùn náà tún yọ ní ibòmíràn lára wọn kí ọdún 10 tó pé. Nínú 100 tí tiwọn wà láàrin, 14 ni. Nínú 100 tí nọ́ńbà wọn ga, 30 ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún nọ́ńbà wọ̀nyẹn kà. Nínú àwọn tí tiwọn kéré, ó ṣì padà sára 7. Nínú àwọn tí tiwọn ga, kò padà sára 70. Nítorí náà kì í ṣe pé àyẹ̀wò yìí ń sọ fún ẹnì kan pé, "Tìrẹ yóò padà," tàbí pé, "Tìrẹ kò ní padà," bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórí fóònù. Ó ń sọ bí òjò ṣe ṣú tó. Òjò tó ṣú lè lọ, èyí tí kò ṣú rárá sì lè ká ènìyàn mọ́nà.

Láti mọ ẹni tó lè fi kìmó sílẹ̀, wọ́n ní láti ṣe ìwádìí tó tóbi ju ìyẹn lọ. Láàrin 2006 sí 2010, wọ́n kó obìnrin 10,273 jọ ní orílẹ̀-èdè 6. TAILORx ni wọ́n pe ìwádìí náà. Nínú àwọn tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 0 sí 10, ẹnikẹ́ni kò gba kìmó, hóró oògùn nìkan ni. Nígbà tí ọdún 5 pé, àrùn náà kò tàn lọ sí ibòmíràn lára 99 nínú 100 wọn. Àwọn tí tiwọn jẹ́ 11 sí 25 ni wọ́n pín sí méjì: apá kan lo hóró oògùn nìkan, apá kejì gba kìmó mọ́ ọn. Èsì jáde ní 2018. Lẹ́yìn ọdún 9, nǹkan bí 95 nínú 100 ni àrùn kò tàn lọ síbòmíràn lára wọn ní apá méjèèjì. Ẹ gbọ́ o, ní apá méjèèjì! Kìmó kò fi ohun tó tó nǹkan kún un. Àfi àwọn tí kò tíì ju ẹni ọdún 50 lọ, tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 16 sí 25: kìmó ran díẹ̀ lọ́wọ́ nínú wọn. Àwọn tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti 26 sókè, kìmó ni wọ́n fún wọn.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ọ̀kẹ́ àìmọye obìnrin ni irun orí wọn wà lórí lónìí nítorí rẹ̀, tí èébì kò gbé wọn ṣánlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọmọ Ìyá Aláṣọ kò mọ̀, tí àwa náà kò sì mọ̀ títí a fi kàwé. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ọmú ni àyẹ̀wò yìí wà fún.

Àwọn jẹjẹrẹ ọmú kan wà tó ní etí. Omi ara obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní estrogen. Òun ló ń sọ fún ọmú ọmọbìnrin pé kó dàgbà. Jẹjẹrẹ tó bá ní etí yìí ń gbọ́ ohùn estrogen, ó sì ń fi í dàgbà. ER ni wọ́n ń pe etí náà. Iṣẹ́ tamoxifen ni láti dí etí yẹn pa. Etí kejì ni PR. Ẹ̀kẹta ni HER2, òun náà a máa ti jẹjẹrẹ síwájú bí ó bá pọ̀ jù, abẹ́rẹ́ tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Gbogbo obìnrin inú ìwádìí TAILORx ni ó jẹ́ pé jẹjẹrẹ tiwọn ní ER, kò ní HER2, kò sì tíì dé abíyá. Irú wọn ni nọ́ńbà yẹn ń bá wí.

Jẹjẹrẹ mìíràn wà tí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Adití ni. Tamoxifen kò rí etí tí yóò dí. Irú èyí máa ń yára, kìmó sì ni ohun ìjà pàtàkì tí wọ́n ní fún un. Ó sì pọ̀ láàrin àwọn obìnrin wa ju láàrin àwọn òyìnbó lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti ṣe ìwádìí gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago.

Nígbà tí a mọ èyí, a padà lọ bá Ìyá Aláṣọ nílé. A ní, "Màmá, ìwé èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé lára yín dà?" Ó wà nínú ọ̀rá, lábẹ́ àwọn aṣọ. Ó fẹ́ gbé e fún wa, a ní ká má rí i. A ní kí ó fúnra rẹ̀ wá lẹ́tà E àti R tó wà papọ̀. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Òun rèé." A ní, "Kí ló wà níwájú rẹ̀?" Ó pè é díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jáde: negative. A sọ fún un pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí PR: negative. Ó bọ́ sí HER2: negative.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Àyẹ̀wò Lọ́ńdọ̀nù yẹn, kì í ṣe tèmi nìyẹn?"

A ní, "Kì í ṣe tiyín, Màmá."

"Kìmó ńkọ́?"

"Kìmó ni tiyín. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ ju báyìí lọ."

Ó sunkún díẹ̀. Àwa náà kò mọ ohun tí a lè sọ, a kàn jókòó tì í ni. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú wa bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà bínú díẹ̀, ó dá ọjọ́ mìíràn fún un.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní irú ìwé yìí nílé, lẹ́tà mẹ́ta yẹn ni kí ẹ wá: ER, PR, HER2. Bí ẹ bá rí positive níwájú rẹ̀, ó wà nìyẹn. Bí ẹ kò bá rí lẹ́tà náà rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bi dókítà. Ẹ bi í pẹ̀lú pé ibo ni búlọ́ọ̀kù yín wà, nítorí ọjọ́ lè wà tí ẹ ó nílò rẹ̀.

Àwọn tó ní aláìsàn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹ fetí sí èyí dáadáa. RNA kì í pẹ́ bàjẹ́, bíi tòmátò ọjọ́ ọjà ni. Láàrin wákàtí 1 tí wọ́n bá gé ẹran náà ló yẹ kó ti wà nínú oògùn tí wọ́n ń pè ní fọ́málììnì. Kó má kéré sí wákàtí 6 nínú rẹ̀, kó má sì ju 72 lọ. A ti rí i rí tí wọ́n di ẹran sínú omi lásán, tí wọ́n ní kí ẹbí gbé e wọ mọ́tò lọ sí ìlú mìíràn. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ lè mú kí wọ́n kọ pé kò sí ER nígbà tó jẹ́ pé ó wà. Obìnrin náà á sì pàdánù tamoxifen tí ì bá gbà á là. Bí wọ́n bá gbé ẹran lé yín lọ́wọ́, ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé inú fọ́málììnì ló wà?" Kì í ṣe àrífín.

Bàbá tó wà lẹ́yìn yẹn ń fọwọ́ sókè, ó ní tọkùnrin ńkọ́? Ó wà, Bàbá. Decipher ni orúkọ ọ̀kan tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà fún jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ ìtọ̀ tọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní próstéètì. RNA 22 ló ń kà. A ó wá sọ tiyín lọ́jọ́ mìíràn.

Ṣé ẹni tí ìwé rẹ̀ wí pé ER wà, tí HER2 kò sì sí, lè ṣe àyẹ̀wò onínọ́ńbà yẹn? Ó lè bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó lé ní 3,000 dọ́là, wọ́n sì máa ń fi ẹran ránṣẹ́ sí òkè òkun. Lójú tiwa, kí ẹbí kọ́kọ́ rí i pé owó àyẹ̀wò ER àti HER2 wà, kí owó tamoxifen sì wà títí ọdún 5 ó kéré tán.

Ohun mìíràn tún wà tí ó kàn wá. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ní Chicago yẹ èsì àwọn obìnrin tó lé ní 86,000 ní Amẹ́ríkà wò. Wọ́n rí i pé obìnrin dúdú àti obìnrin funfun lè ní nọ́ńbà kan náà, kí ikú jẹjẹrẹ sì pọ̀ láàrin àwọn dúdú ju ti àwọn funfun lọ. Nọ́ńbà náà kò sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ àwọn dúdú tó bó ṣe ń sọ ti àwọn funfun. Ẹran àwọn funfun ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n fi kọ́ àyẹ̀wò náà níbẹ̀rẹ̀. Kóńgò ọjà ibòmíràn ni wọ́n fi ń wọn gàrí wa. Kóńgò náà dára, a ò bú u, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣe tiwa. Ìyẹn kò sì lè ṣeé ṣe bí ẹran àwọn obìnrin wa bá ń bàjẹ́ nínú omi, tí a kò mọ ibi tí búlọ́ọ̀kù wà.

Ìyá Aláṣọ ti gba kìmó ẹ̀ẹ̀karùn-ún báyìí. Ó ku ẹyọ kan. Irun orí rẹ̀ ti re tán, ó ń wé gèlè lọ sí kíláàsì. Owó tí ọmọ rẹ̀ ń kó jọ ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí àyẹ̀wò, ó fi ránṣẹ́ sílé, òun ni wọ́n fi san ti ẹ̀ẹ̀kẹrin àti ti ẹ̀ẹ̀karùn-ún.

Bí a bá tún dé, ẹni tó bá ní ìwé èsì nílé, kó mú un dání. A ó jókòó, a ó jọ kà á.